Ìbúra Ọba Cainnech ní Odi Dun Ron

Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé tí àwọn ọmọ ogun Ọba Cainnech ti ilẹ̀ Alba ti dó ti odi Dun Ron, odi náà kò sì mì. Orí àpáta kan tó yọ sínú òkun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Òkun yí i ká lápá mẹ́ta. Ní apá kẹrin, ọ̀nà tóóró kan tí kò gbà ju ẹṣin méjì lọ ló so ó mọ́ ilẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ará Moireb tó wà nínú odi kó òkúta jọ sí tí wọ́n ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Talorc, balógun ẹlẹ́ṣin, ti kó èèyàn gba ibẹ̀. Ní ìgbà kẹta, kí àlùfáà tó ka àdúrà Olúwa tán lẹ́ẹ̀mejì, ogójì ọkùnrin ti ré bọ́ sínú omi pẹ̀lú asà àti ọ̀kọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ̀nà náà sétí mọ́.

Ọkà òótì ti gbó nílé. Òjò tútù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn jagunjagun ń yọ́ lọ ní méjì-méjì láti lọ kórè oko wọn, àwọn ọ̀gá wọn sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé ọba ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀.

Dubgal nìkan ló mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ fọ aṣọ tí ọba fi ń nu ẹnu létí òkun, kí ojú ìránṣẹ́ kankan má bàa tó o. Ọmú kan náà ni òun àti Ọba Cainnech mu. Ìyá Dubgal ni wọ́n gbé Cainnech fún ní ọmọ jòjòló pé kó tọ́ ọ dàgbà, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ọmọ ọba, àwọn méjèèjì sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjìléláàádọ́ta, tí wọ́n ń jẹun nínú abọ́ kan, tí wọ́n ń sá fún ọfà kan. Nígbà tí Cainnech jọba tó sì bí ọmọbìnrin, ilé Dubgal ló gbé e lọ. Derbail ni wọ́n pe ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló dé, ó sì pé ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó kúrò níbẹ̀ lọ sílé ọkọ.

Ọkọ náà ni Muredac, baálẹ̀ àgbà ilẹ̀ Moireb. Ìgbéyàwó náà ni wọ́n fi parí ìjà ogún ọdún. Ìjà náà ló tún gbérí báyìí, nítorí ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára Muredac pẹ̀lú, ó sì ti sọ ní gbangba pé òun kò ní tẹríba fún ọmọdé lẹ́yìn Cainnech. Òun ló wà nínú odi Dun Ron. Derbail náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọba pe ìgbìmọ̀ sínú àgọ́ rẹ̀. Talorc ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, Ìkookò Àríwá, ọmọ Ferchar tó fi ẹsẹ̀ gbẹ yọ láàárín omi! Ẹ jẹ́ ká jó wọn mọ́bẹ̀. Ẹ fún mi ní igi àti ọ̀rá màlúù, kí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ láti ìhà ilẹ̀ ní ọjọ́ kan péré."

"Ọmọ mi wà níbẹ̀, Talorc."

"Mo mọ̀, Kábíyèsí. Àwọn ọmọ tèmi méjì náà wà níbẹ̀. Abẹ́ omi ni wọ́n wà."

Ọba fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ká ọwọ́ náà mọ́ra. Ó wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ta ni Derbail máa ṣílẹ̀kùn fún?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Dubgal.

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún un?" ni Dubgal wí.

"Pé kí wọ́n jáde. Kí Muredac wá síwájú mi, kó fi idà lélẹ̀, kó gbà pé Eogan ọmọ mi ni yóò jọba lẹ́yìn mi. Ó parí."

"Muredac fúnra rẹ̀ wá ńkọ́?"

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ẹ̀yin ni, Kábíyèsí."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Ọba náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Ṣùgbọ́n Dubgal kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ tí mo tọ́ ni mò ń lọ bá. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dání. Ẹ búra fún mi."

Àfi bí ẹni pé ọba ti ń retí rẹ̀. Kò fajú ro, kò jiyàn. Ó ṣẹ́wọ́ sí Àlùfáà Ernan, ẹni yẹn sì tú aṣọ kúrò lára agogo irin kékeré tí wọ́n ń gbé tẹ̀ lé ogun kiri, agogo ẹni mímọ́ kan tó ti kú kí baba baba ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó dáyé. Cainnech gbé ọwọ́ lé e.

"Mo fi agogo yìí búra, mo sì fi egungun ẹni tó ni ín búra. N kò ní gba ẹ̀mí Muredac, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ìkán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan kò ní kán sílẹ̀ láti ọwọ́ mi tàbí ọwọ́ ẹni mi. Bí mo bá da ìbúra yìí, kí sánmà wó lù mí, kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, kí òkun bò mí mọ́lẹ̀."

Talorc wo ọba, ó sì yára wo ilẹ̀. Dubgal rí i. Ó rí i dáadáa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fà á.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló gba ọ̀nà tóóró yẹn kọjá, òun nìkan, láìmú ohun ìjà dání, ó so aṣọ funfun mọ́ igi. Àwọn ará Moireb yọjú lórí òkúta wọn. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Bàbá Dubgal, ṣé ẹran lẹ gbé wá ni, àbí irùngbọ̀n nìkan?"

"Irùngbọ̀n nìkan ni. Tẹ́ ẹ bá lómi gbígbóná, ẹ wá sè é."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi okùn fà á gòkè. Bó ti dé inú ló rí i pé àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ò lè dìde dúró pẹ́. Ebi ti mú kí egungun èjìká wọn yọ síta.

Derbail wà nídìí ìkòkò kan, tó ń se ewéko òkun pọ̀ mọ́ ìṣáwùrú tí wọ́n họ lára àpáta. Ó ju ṣíbí sílẹ̀. Ó sáré wá, ó dì mọ́ ọn, ó fi orí lé e láyà bó ti máa ń ṣe ní kékeré tí ààrá bá sán.

"Bàbá, ẹ ti rù."

"Ìwọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Ẹ wá jẹun."

"Irú èyí? Màlúù tèmi gan-an ò ní jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Muredac wà lórí koríko gbígbẹ, wọ́n fi aṣọ di itan rẹ̀ níbi tí ọfà ti bá a. Géńdé tó rẹwà ni, onírun pupa, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, àna mi. Ẹ bá mi jókòó sílẹ̀. A ò ní àga mọ́, a ti fi wọ́n dáná."

Dubgal jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ka ìbúra náà fún wọn bó ti gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, kò fi nǹkan kan kún un. Muredac gbọ́ ọ tán, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀ tó ku ọgọ́ta, ó ní ẹ̀gàn ni kí òun kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn tó ju ìyẹn lọ ni kí òun máa wo ìyàwó òun tí ń họ àpáta. Ó yíjú sí Derbail. "Ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Ohun tí o bá wí ni."

Derbail mú Dubgal lọ sí etí odi, níbi tí òkun ti ń lu àpáta nísàlẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

"Mo ti mọ Cainnech kí n tó mọ orúkọ ara mi."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Dubgal gbójú sí òkun. Nǹkan kan gún un lọ́kàn, nǹkan kékeré bí ẹ̀gún inú bàtà, ṣùgbọ́n ó tún wo ọwọ́ ọmọ náà tí àpáta ti bó, ó sì fẹ́ mú un jáde kúrò níbẹ̀ ju bó ti fẹ́ ohunkóhun lọ láyé. Ó ní, "Mo gbà á gbọ́."

"Ó dáa." Ó nu ojú rẹ̀. "Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọba ni, mi ò ní tẹ̀ lé e jáde. Ọ̀rọ̀ tiyín ni mò ń tẹ̀ lé."

Wọ́n jáde lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú. Muredac tiro dé iwájú ọba, ó fi idà lélẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí itan tó ń dùn ún, ó sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó sọ nípa Eogan. Ọba gbé e dìde. Ó gbá a mọ́ra lójú gbogbo ogun. Wọ́n pa màlúù mẹ́fà, wọ́n gbé ọtí bálì jáde, àwọn ará Moireb sì jẹun títí inú fi ń run wọn. Dubgal jókòó láàárín Derbail àti ọba, ó ń gé ẹran fún àwọn méjèèjì, ó ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá kú lọ́la òun ti ṣe iṣẹ́ òun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba ránṣẹ́ pè é. Ó ní, "Mú Derbail lọ sí ilé àdúrà tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún, kí ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni mímọ́. Ẹ mú àbẹ́là dání. Ẹ má kánjú."

Ìrìn wákàtí kan ni. Derbail ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tú okùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá délé, òun máa sin ewúrẹ́. Ó ní òun máa gbin ẹ̀wà lẹ́yìn ilé, nítorí Muredac fẹ́ràn rẹ̀. Ó tan àbẹ́là, ó kúnlẹ̀ pẹ́, nígbà tó sì dìde ó ní, "Bàbá, mo ti ro ibi sí ọba lọ́kàn. Mo tọrọ àforíjì níbẹ̀ yẹn."

Nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́, kò sẹ́ni tó kí wọn. Àwọn tó ń ta ayò lórí asà kó ayò wọn. Àwọn tó ń bu omi fi igbá sílẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn. Talorc jókòó níwájú àgọ́ alágbẹ̀dẹ, ó ń fi iyanrìn fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, Muredac jókòó gbagidi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, aṣọ tútù sì wà lójú rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn orí.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. "Derbail? Ṣé ìwọ nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. "Wọn ò gba ẹ̀mí mi o. Wọ́n mú ìbúra ṣẹ."

Derbail kò ké. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ra, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yíjú padà, ojú tó fi wo Dubgal kì í ṣe èyí tí Dubgal mọ̀.

"Ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run..."

"Ẹ má búra. Ẹ má búra kankan fún mi mọ́ láyé."

Dubgal wọ inú àgọ́ ọba láìbéèrè. Cainnech wà lórí ibùsùn, awọ àgùntàn ni wọ́n fi bò ó, ojú rẹ̀ sì funfun bí iyọ̀. Ó lé gbogbo èèyàn jáde.

"Mi ò da ìbúra," ni ọba wí, kí Dubgal tó la ẹnu. "Ó wà láàyè. Irin gbígbóná kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀."

"O ti to ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀ kí o tó pè mí."

"Mo ti tò ó."

"Cainnech!"

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Eogan! Mo ní oṣù kan láti lò láyé, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ̀, ìwọ lò ń fọ aṣọ. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ta ló máa dúró ti ọmọ yẹn bí Muredac bá ní ojú méjèèjì? Wọ́n á jù ú sí kànga kí wọ́n tó sin mí. Afọ́jú ò lè jọba nílẹ̀ yìí. Ó tán. Kò sẹ́ni tó kú. Tí mo bá jẹ́ kí Talorc jó odi yẹn, ọmọbìnrin mi ti di eérú."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ pé èmi lo rán?"

Ọba pa ojú dé. "Torí pé ìwọ nìkan ni wọ́n lè gbà gbọ́."

Ikọ́ mú un. Ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó gbé e sókè kúrò lórí ìrọ̀rí. Ọwọ́ Dubgal lọ fúnra rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó nu ẹnu rẹ̀ bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tí ikọ́ náà lọ sílẹ̀, ó ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó bọ́ ẹ̀gbà fàdákà tí ọba fi sí i lọ́rùn ọwọ́ lọ́jọ́ tó gorí ìtẹ́, ó gbé e lé orí aṣọ náà.

"Dubgal. Má lọ. Mo bẹ̀ ọ́. Ta ló máa gbé orí mi sókè?"

Dubgal dúró lẹ́nu àgọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ padà. Ó jáde.

Derbail kọ ẹṣin tí ọba fún wọn, ó kọ oúnjẹ, ó kọ aṣọ òtútù. Ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì doríkọ ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilé àwọn àlùfáà kan wà tí wọ́n ń gba aláìsàn. Ìrìn ọjọ́ márùn-ún ni fún ẹni tó ríran. Dubgal tẹ̀ lé wọn láti òkèèrè. Lọ́jọ́ kìíní, Derbail mú òkúta, ó sọ ọ́ lù ú, ó bà á léjìká. Dubgal kò yẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn mọ́.

Muredac ní, "Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn wa?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. "Kò-sẹ́nì-kankan yẹn ti dàgbà o. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Derbail fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń lọ.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dé odò. Òjò orí òkè ti kún un, omi náà pupa, ó ń yí igi. Derbail wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn, wọ́n padà sétí. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó tún gbìyànjú láti dìde fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Dubgal ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọkùnrin náà pọ̀n, ó wọ inú omi. Derbail di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú. Omi náà dé àyà, òkúta ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tí gbogbo òkúta wà. Kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan títí ó fi gbé e kalẹ̀ ní òdìkejì.

Derbail ṣí àpò rẹ̀. Ó fọ́ àkàrà òótì tó kù sí méjì, ó na ìlàjì kan sí i. "Ẹ ṣeun," ló wí, gẹ́lẹ́ bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi. Dubgal gbà á.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹlẹ́ṣin kan fi já sí wọn láti apá òkè odò, níbi tí afárá kan wà lọ́nà jíjìn, ẹrẹ̀ bo ẹṣin rẹ̀ dé ikùn. Ilé àwọn àlùfáà lòun náà ń lọ, láti sọ fún wọn kí wọ́n gbẹ́ ibojì. Ó pariwo láì dúró pé, "Ọba ti wàjà! Cainnech ọmọ Ferchar ti wàjà, lánàá, lójú ọ̀nà gúúsù! Ẹ gbàdúrà fún un!" Ó kọjá lọ.

Derbail jókòó sínú koríko tútù. Ìgbà yìí ló ké, igbe tí kò ké lọ́jọ́ tó yẹ. Dubgal náà jókòó níbi tó wà, kò jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ó gbé orí lé orúnkún. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ẹnì kejì.

Muredac dúró láàárín wọn, ó ń yí orí sí ọ̀tún, ó ń yí i sí òsì. Nígbà tó pẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì, ọ̀kan sí ìhà kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì. Òjò ń bọ̀."

Derbail dìde. Ó di ọwọ́ tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀ mú. Ó wo ọwọ́ kejì tó nà sófo sí Dubgal, ó wo Dubgal pẹ̀lú, ojú sí ojú. Lẹ́yìn náà ó rọra fa ọwọ́ kejì yẹn wálẹ̀, ó fi kún èyí tó ti dì mú, ó sì mú ọkọ rẹ̀ lọ.

Dubgal kò tẹ̀ lé wọn mọ́. Ó dúró títí igi fi bò wọ́n lójú rẹ̀. Ó wá padà sétí odò, nítorí òkú Cainnech wà ní gúúsù, kò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni rántí pa ojú rẹ̀ dé. Ó tún sọdá omi náà, òun nìkan, láìgbé ẹnikẹ́ni. Omi náà kò kún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e ṣubú.